Ọmọ Tó Sọ Pé Ọbẹ̀ Ti Kan

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, bí Kérésìmesì bá ti kọjá ní Èbúté Mẹ́ta, tòlótòló tó wọlé lódindi á ti di eegun ẹ̀yìn, ọrùn, apá méjì àti àyà tí wọn ò jẹ tán. Ó wà nínú fíríìjì bí iná bá wà. Bí kò bá sí iná, ó wà nínú abọ́ onídèérí lórí tábìlì kíṣìnì, àwọn ọmọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ìdérí abọ́ ń dún. Ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tí a lè fi sè, nítorí mo gbà gidigidi pé nínú gbogbo ìkòkò ọdún, ti ọjọ́ kejì ló dára jù láti fi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Lọ́jọ́ ọdún gan-an, kò sáyè: àlejò ń wọlé, agbada wà lórí iná, ńṣe la kàn ń lé àwọn ọmọ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ara ti rọlẹ̀, owó ti tán lápò, a sì fẹ́ kí ẹran tó kù gbé wa fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìkòkò náà, ọ̀kan ṣoṣo la sì máa ń kọ́ wọn níbẹ̀. A máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi oúnjẹ ṣòfò. Ó dára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà. Èkejì ni pé kí ọmọ mọ ìgbà tí oúnjẹ ti bàjẹ́, kí ó sì lẹ́nu láti sọ ọ́ lójú àgbà. Èyí la kì í kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló tilẹ̀ ń na ọmọ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ se ọbẹ̀ náà.

Yíyà sọ́tọ̀ ló ṣáájú. Ẹran tí ẹnikẹ́ni ti fi eyín kàn kì í wọ ìkòkò, ìbáà ṣe ti ọmọ tàbí ti bàbá ilé. Ẹran tó sùn sórí tábìlì mọ́jú kì í wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Èyí tí a gbé sínú fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn oúnjẹ, òun ni tiwa. Àwọn ọmọ ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n yà á fúnra wọn, èmi á kàn máa bi wọ́n pé, "Èyí ńkọ́? Níbo lẹ ti mú un?"

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọṣẹ fọwọ́, wọ́n á jókòó sórí àpótí, abọ́ kan fún ẹran, abọ́ kan fún eegun, wọ́n á máa já ẹran. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọbìnrin nìkan o. Àkọ́bí mi ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nílé wa, ìka rẹ̀ gùn, ó sì ní sùúrù. Lára eegun ẹ̀yìn, níbi tí itan ti so mọ́ ìbàdí, ihò kékeré kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹran róbótó kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúdú díẹ̀, ó rọ̀, èmi ò sì tíì jẹ èyí tó dùn tó o lára ẹyẹ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ju eegun ẹ̀yìn nù láìmọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá yọ wọ́n jáde yóò jẹ ọ̀kan lójú gbogbo wa, yóò sì fi èkejì pamọ́ fún ẹni tí kò sí nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní mo ń ba ọmọ jẹ́. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, wọ́n gbà pé ọmọ tí wọ́n bá ń fún lẹ́ran yóò di olè lọ́la, nítorí náà ọrùn àti ẹsẹ̀ ló ń kàn wá, ẹyin sì di ohun tí à ń wò lókèèrè. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó tọ́ wa. Èyí nìkan ni mi ò fara mọ́. Ara ọmọ tó ń dàgbà nílò ẹran àti ẹyin gan-an, ọmọ tí wọ́n sì ń fún ní tirẹ̀ ní gbangba kò ní ohun tó ń wá lọ sídìí ìkòkò lóru.

Eegun ló kàn. Èyí tí wọ́n dín, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí, kí ẹ sì da omi náà nù, kí òróró ọdún lè kúrò lára rẹ̀. Bí itan bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ńlá ṣẹ́ eegun rẹ̀, kí mùdùnmúdùn inú rẹ̀ lè jáde. Omi tútù ni kí ẹ dà sí i, kí ó bò ó mọ́lẹ̀, kí iná rọra máa jó. Bí ó bá ti fẹ́ máa hó, ìfófòó á gòkè wá, ẹ fi ṣíbí gbọ́n ọn nù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ju àlùbọ́sà sí i lódindi, pẹ̀lú atalẹ̀ tí a fọ́ àti ẹ̀ẹ̀rù 2 tí a yan díẹ̀ lórí iná. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí 2, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá hó gùdùgùdù, ọ̀rá á pò mọ́ omi, omi á sì ṣú. Mo mọ̀ pé wákàtí 2 lórí gáàsì kì í ṣe owó kékeré láyé ìsìnyí. Àdògán eléèédú ni èmi ń lò fún un lẹ́yìnkùlé. Pákó gígékù láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó tó wà ní Òkóbàbà lágbègbè wa ni àwọn ìyá wa fi ń dáná sídìí irú ìkòkò báyìí nígbà kan.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi màgí sí i. Níbẹ̀ ni ọbẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ẹran yìí ti mu iyọ̀, kọ́rì, táìmù àti màgí kí ó tó dé orí iná lọ́jọ́ ọdún, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì tú sínú omi. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná tán la tó ń mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ nílò iyọ̀.

Bí omi ẹran bá ti dára, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fo èyí, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé, nítorí eegun ẹyẹ tó ti jinná máa ń ya ní ṣóńṣó, ó sì lè há ọmọ lọ́fun. Bí ẹ bá wá gbé omi náà sínú fíríìjì tó sì dì gbagidi, kò sí ohun tó ṣe é: ohun tó wà nínú awọ àti oríkèé eegun ló yọ́ sínú rẹ̀, bó bá ti rí iná á tún di omi.

Láti ibẹ̀, oníkálukú ló mọ ibi tó ń lọ. Àwọn kan á fi ro ẹ̀fọ́, àwọn kan á fi se gbẹ̀gìrì. Èmi, ọbẹ̀ olómi ló wù mí: ata rodo, tàtàṣé kan àti àlùbọ́sà tí a gún, kì í ṣe pé a lọ̀ ọ́ kúnná, ìyèré díẹ̀, aríwó díẹ̀, irú wóró ṣíbí kan. Bí ata bá ti jinná, tí òórùn tútù ti kúrò lára rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹran tó ń wọlé, kí ó sì lo ìṣẹ́jú 5 péré. Ó ti jinná tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, yóò gbẹ bí òwú lẹ́nu. Èfìnrín tí a já la fi ń kádìí rẹ̀, a ó sì sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láfún la fi ń jẹ ẹ́ nílé wa. Láti 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta, tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà fún wọn nílẹ̀ níbí, ni ọmọ Ẹ̀gbá ti pọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, láfún kì í sì í jìnnà síbi tí Ẹ̀gbá bá wà.

Ọmọ tó bá se é ló ń tọ́ ọ wò. Á fi ìpọnbẹ̀ kán an sí àtẹ́lẹwọ́, á fẹ́ ẹ díẹ̀, á lá a, á ronú, á sọ ohun tó kù fún wa. Ìpọnbẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ kí ó tún padà sínú ìkòkò. Ẹ ò rí i bí ojú wọn ṣe ń rí bí wọ́n bá ń ronú lórí iyọ̀! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á di adájọ́.

Ó wá ku ti ìpamọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Kí fíríìjì tó dé ilé wa, àárọ̀ àti alẹ́ ni àwọn ìyá wa ń gbé ọbẹ̀ kaná, títí yóò fi tán. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ilé dúró. Ṣùgbọ́n láàárín àárọ̀ sí alẹ́, ọbẹ̀ yẹn wà nínú ooru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i nínú oúnjẹ, ojú ọjọ́ Èkó sì máa ń wà ní nǹkan bíi 30. Iná ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lóòótọ́. Májèlé tí irú àwọn kan ti tú sínú ọbẹ̀ kí a tó gbé e kaná, iná kì í pa á. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ gbé e kaná, á dá," ẹ má gbà á gbọ́. Ọbẹ̀ tó ti kan ti kan.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tòlótòló àjẹṣẹ́kù yìí kan náà ni gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ lẹ́yìn ọdún Ìdúpẹ́ wọn, Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá. Ìlànà ìjọba wọn ni pé ẹran jíjinná kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 3 sí 4 lọ nínú fíríìjì. Àwọn, iná wọn kì í sábà lọ. Àwa ńkọ́? Fíríìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí lè mú oúnjẹ tutù fún bíi wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú lè gbé ọjọ́ 2, èyí tó kún dé ìdajì lè gbé ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ilé mélòó ló ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí ọbẹ̀? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí iná bá lọ, ilẹ̀kùn fíríìjì di títì. Ẹ má gbé ìkòkò ńlá gbígbóná sínú rẹ̀. Abọ́ kéékèèké ni kí ẹ bu ọbẹ̀ sí, kí ẹ gbé àwọn abọ́ náà sínú ọpọ́n omi tútù kí wọ́n tètè rọ̀, kí ẹ tó gbé wọn wọlé. Ọmọ wa obìnrin ló ń fi báírò kọ ọjọ́ sórí bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìdérí. Abọ́ kan là ń gbé kaná lẹ́ẹ̀kan, a ó mú un hó dáadáa, a ó jẹ ẹ́ tán. Kì í padà sínú fíríìjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí. Lẹ́yìn àjọ̀dún kan, a lọ kí àwọn ìbátan kan. Wọ́n bu ọbẹ̀ tòlótòló fún wa, ó pupa, epo lé téńté, a ti ń yin alásè. Ọmọ mi kejì gbé ṣíbí dé ẹnu, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọbẹ̀ yìí ti kan." Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Àgbà kan kọjú sí mi, wọ́n ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó ti kan lóòótọ́.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ìlera gbogbo wa ló sì wà nínú òótọ́ yẹn. Ibi tó sọ ọ́ sí àti bó ṣe sọ ọ́ ni kò dára, ó dójú ti ẹni tó gbà wá lálejò. Ohun tí àgbà yẹn fẹ́ ni kí ó dákẹ́, kí ó jẹ ẹ́. Èmi ò gbà pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Nígbà tí a délé, a jókòó, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Á dìde, á lọ bá ẹni tó ni oúnjẹ tàbí kí ó wá bá èmi, á dọ̀bálẹ̀, á rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò." Kò pe ọbẹ̀ lórúkọ burúkú, kò jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́, ọ̀rọ̀ sì dé ibi tó ń lọ. A fi ṣeré nínú ilé títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: èmi á ṣe onílé, òun á ṣe àlejò, a ó sì tún pààrọ̀.

Apá tiwa sì wà níbẹ̀, ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ bá sọ ọ́ báyẹn, kí àgbà tọ́ ọ wò. Nílé wa, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọbẹ̀ ti kan, lójú ẹsẹ̀ ni ẹnì kan á tọ́ ọ wò, a kì í bú u, ìbáà jẹ́ pé àṣìmọ̀ ni. Wọ́n sì máa ń ṣì í mọ̀, nítorí oúnjẹ ilẹ̀ wa kì í ṣe olóòórùn kan ṣoṣo. Irú ń rùn, bẹ́ẹ̀ irú dára. Ògì ń kan, kíkan náà la sì fi mọ̀ pé ó jẹ́ ògì. Láfún fúnra rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi títí ó fi rọ̀ ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi imú mọ èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tó bàjẹ́, kò sì sí bí ó ṣe máa mọ̀ ọ́n bí a kò bá jẹ́ kí ó gbóòórùn, kí ó sọ, kí a sì dá a lóhùn pé, "Rárá, irú lo gbọ́ yẹn," tàbí, "O ṣeun, ó ti kan."

Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run: ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó gbé ọbẹ̀ kíkan mì nítorí pé àgbà ló bù ú fún un, báwo ni yóò ṣe wá sọ fún wa lọ́jọ́ tí àgbà kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ? Ẹnu kan náà ni yóò fi sọ méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ fi ká mi lára tó báyìí.

Bíbu oúnjẹ fún aládùúgbò náà wà lára ẹ̀kọ́ ìkòkò ọjọ́ kejì yìí. Ní ilé alájọgbé bíi tiwa, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń bu oúnjẹ fún ara wọn nígbà Iléyá àti nígbà Kérésì, àwọn ọmọ la sì ń rán. Òfin àkọ́kọ́ ni pé èyí tó tuntun jù là ń bù jáde. Ọbẹ̀ tí ẹ ò lè jẹ mọ́ kì í lọ sílé ẹlòmíì. Òfin kejì, pé kí a mọ ẹni tó pa ẹran kí a tó bù ú fún Mùsùlùmí, Alhaja tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ló kọ́ wa: wọ́n máa ń fi ọ̀wọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tí a bá rán, pé ta ló pa ẹran náà. Ẹran oníyìnyín kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ó ti lé ní ọdún 20 tí ìjọba ti fòfin de kíkó ẹran ẹyẹ oníyìnyín wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń gba Kùtọnu wọlé, kò sí ẹni tó mọ iye wákàtí tó lò nínú oòrùn lójú ọ̀nà. Bí ó bá di dandan kí ẹ rà á, ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi ìdí láílọ́ọ̀nù tí ẹran wà nínú rẹ̀ hàn án: bí ẹ̀jẹ̀ bá kóra jọ síbẹ̀ tó sì dì, ẹran náà ti yọ́ nígbà kan kí wọ́n tó tún mú un dì. Ẹ fi sílẹ̀.

Àbá tí mo ní fún àwa tí a wà ní àdúgbò yìí ni pé bí Ọdún Àjíǹde bá ń bọ̀, kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó pọ̀ ra tòlótòló ààyè kan ní ọjà Oyíngbò, dípò kí oníkálukú ra tirẹ̀ kí ìdajì sì máa wá ibi tí yóò sùn. Kí Mùsùlùmí kan bá wa pa á, kí Alhaja lè jẹ níbẹ̀. Kí a pín ẹran lọ́jọ́ ọdún, kí a sì kó gbogbo eegun jọ sínú ìkòkò kan lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àtobìnrin, jókòó yí i ká. Àdògán wà lẹ́yìnkùlé mi. Ẹni tó bá ní ìkòkò tó tóbi ju tèmi lọ, kí ó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kí Lẹ́ńtì tó parí.